Ọta Wo La Ó Fi Pa Ẹfọ̀n?

Yorùbá ní ká tó rérin, ó digbó. Ká tó rẹ́fọ̀n, ó dọ̀dàn. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì dé kílóòsì wa, àdúgbò kékeré kan ní Festac l'Ékòó. Níbẹ̀, lórí àga oníke, lábẹ́ igi fúrúùtù, àwọn ọkùnrin mẹ́ta ń pa ẹfọ̀n láti àárọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi máa ń délẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó rí ẹfọ̀n rí ju inú ìwé lọ.

Sátidé ìmọ́tótó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn, ìjọba kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rìn láàárọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Kí kálukú wà nílé, kó gbálẹ̀, kó kó gọ́tà. Àwa obìnrin á ká ìró wa sókè, a ó ki ṣọ́bìrì bọ gọ́tà, ẹrẹ̀ dúdú á máa ta sí wa lójú. Àwọn mẹ́ta yìí á ṣíjú wò wá, wọ́n á ní a kú iṣẹ́ o, wọ́n á sì padà sórí ọ̀rọ̀ ọta ìbọn. Nígbà tó yá, wọn ò dúró de ìparí oṣù mọ́, ó di gbogbo Sátidé.

Ọkọ mi ni alága wọn, nítorí iwájú ilé wa ni wọ́n ń jókòó sí. Iṣẹ́ ìbánigbófò ló ń ṣe, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń wọ táì. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, èmi ni mo ń pa adìẹ Kérésìmesì. Tí mo bá ti mú ọ̀bẹ báyìí, á ní òun gbọ́ pé ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn, ó di ẹnu ọ̀nà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ pa ẹfọ̀n, ẹran tó wúwo ju màlúù lọ, tí ìwo rẹ̀ kò sì wà fún ẹ̀ṣọ́.

Èkejì ni ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá Amẹ́ríkà. Satellite Town ló ń gbé. Ó ti pẹ́ lókè òkun kó tó padà wálé, ó sì kó páálí ìwé ìròyìn àwọn ọlọ́dẹ òyìnbó bọ̀ bí ẹni kó ẹrù ìyàwó. Ó ní òun ti bá wọn ṣọdẹ lọ́hùn-ún. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀ ni pé inú mọ́tò ló jókòó sí nígbà tí wọ́n ń yìnbọn, nítorí òtútù. Ẹ̀kẹta ni Alájì, tó ń ta ṣọ́ọ̀kì mọ́tò ní Trade Fair. Kò sí ohun tí wọ́n lè bá Alájì sọ lábẹ́ ọ̀run tí kò ní fi ṣọ́ọ̀kì ṣàpèjúwe rẹ̀.

Bọ̀dá Amẹ́ríkà ní kíhódà kan tí wọ́n fi ọta ráífù ṣe. Wọ́n ti da ẹ̀tù inú rẹ̀ nù, wọ́n dá ihò sí i nídìí, wọ́n fi òrùka irin sí i. Ó gùn tó ìka mi tó gùn jù. Òun nìkan ni ọta tí ẹgbẹ́ náà ní. Wọ́n á gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n á dì í mú, wọ́n á wò ó níwájú oòrùn, wọ́n á mí kanlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìdìmú kọ́kọ́rọ́ yẹn, wọn ò tọ́jú ìyàwó wọn tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí kò ṣòro. Ọta ráífù kékeré wà, èyí tí wọ́n fi ń pa ìgalà. Ràbàtà wà, èyí tí wọ́n fi ń pa erin, tó sì lè yẹ ẹni tó yìn ín léjìká. Èyí tó wà láàárín ni wọ́n ń wá, nítorí wọ́n ní òun ló tọ́ sí ẹfọ̀n. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ìwọ̀n ọta: Bọ̀dá Amẹ́ríkà ní .375 ni, àgbà ọta, òun ni kíhódà rẹ̀. Alájì ní 9.3 ni, nítorí Jámánì ló ṣe é, ohun tí Jámánì bá sì ti ṣe, kí èèyàn kó owó kalẹ̀ ni. Ọkọ mi ní .338 ni, nítorí ó kà á pé ó máa ń lọ tààrà títí dé ọ̀nà jíjìn. Ọ̀nà jíjìn wo? Láti ẹnu ọ̀nà wa dé etí gọ́tà, kò ríran láìsí awò ojú. Kò sí ẹni tó ní ìbọn nínú wọn. Ìjọba kì í sì í fún irú wọn láṣẹ ráífù. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

Mo ń fi wọ́n ṣẹ̀sín títí ọ̀rọ̀ fi kúrò ní eré.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ́ olùkọ́ ní abúlé wa lẹ́bàá Ṣakí. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí bàbá wa fi sílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Nígbà òjò ọdún kan, ọdẹ kan yìnbọn lu ẹfọ̀n, kò pa á, ó sì sọ ọ́ nù. Ẹfọ̀n tó bá ti gbọgbẹ́ kì í sá fún èèyàn mọ́, ńṣe ló máa ń dúró dè é. Èyí wọ oko iṣu àwọn ará ilé wa, ó ń tẹ ebè mọ́lẹ̀, ó lé àwọn obìnrin kúrò lójú ọ̀nà odò. Àwọn ọta tó kù nílé ti gba omi. Ẹ̀gbọ́n mi wá fi ìwé àṣẹ rẹ̀ rán ẹnìkan tó ń bọ̀ l'Ékòó sí ọkọ mi pé kó bá òun ra páálí ọta kan fún ìbọn ẹlẹ́nu méjì, èyí tó ní òjé ńlá kan ṣoṣo nínú, kó sì fi rán mọ́tò àkọ́kọ́.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí wọn ò rán èmi. Nílé wa, àna ni wọ́n ń rán ní ọta. Bí bàbá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni bàbá tirẹ̀ náà ṣe é. Ẹni tó bá gbé ọta wá ló ni itan kan lára ẹran náà, bí kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ kan igbó. Òun ni wọ́n fi ń bu iyì ńlá fún ọkọ ọmọ wọn. Wọ́n bu iyì fún tèmi, ó sì ká iyì náà sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀.

Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ní àbùkù ni. "Ìbọn ẹlẹ́nu méjì? Fún ẹfọ̀n?" Bọ̀dá Amẹ́ríkà ń rẹ́rìn-ín. "Èyí tí wọ́n fi ń pa òkété!" Wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Wọ́n ní ráífù ló yẹ ẹ́, kí àwọn sì kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ọta.

Mo ní, "Dádì, ráífù ọ̀hún dà?"

Ọkọ mi ní, "Ìyẹn ń bọ̀. Ọta la kọ́kọ́ ń yàn."

Ẹ̀gbọ́n mi á wọ ìlú lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ìpè lábẹ́ agbòòrùn, á pe fóònù ọkọ mi. "Àna mi, ṣé ó ti wọ mọ́tò?" Ọkọ mi á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, à ń ṣe rìsáàṣì ni, sà." Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tún pe, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kó gbé fóònù fún mi. Ó ní, "Ẹfọ̀n náà lé ìyàwó mi gun igi lánàá. Orí igi ló wà títí ilẹ̀ fi ṣú. Àbúrò mi, kí ni ọkọ rẹ ń ṣe?" Ojú tì mí débi pé mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Lọ́jọ́ Sunday, a jáde ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ mi ò bá wa délé. Mo wọ mọ́tò lọ sí Satellite Town. Mo bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú pálọ̀ Bọ̀dá Amẹ́ríkà, jẹnẹrétọ̀ ń dún, wọ́n ń wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń yìnbọn fún ẹfọ̀n. Bó bá ṣubú tán, wọ́n á dá a padà kó tún wá ṣubú. "Ẹ wo ibi tó gbà wọlé! Ẹ wo èjìká rẹ̀!" Gúgúrú wà níwájú wọn.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé àṣẹ ẹ̀gbọ́n mi.

Alájì ló kọ́kọ́ fèsì. "Ìyàwó wa, ẹ ní sùúrù. Ẹni tó bá kánjú ra ṣọ́ọ̀kì, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa rà á."

Ọkọ mi ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Tí a bá fi ọta tí ò dáa ránṣẹ́ ńkọ́? Ṣé ìwọ lo máa dáhùn fún un? Ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìyí, jàre."

Mo ti ń bínú sí i tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ìbínú náà lọ, ohun tó rọ́pò rẹ̀ tutù jù ú lọ. Mo wo ikùn tó yọ lára rẹ̀, mo wo gúgúrú tó lẹ̀ mọ́ ọn lágbọ̀n, mo sì mọ̀ pé n kò ní lè bẹ̀rù ọkùnrin yìí mọ́ láyé mi.

Láàárọ̀ Monday, bó ṣe wọ balùwẹ̀, mo yọ ìwé náà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo wọ mọ́tò ní Apple Junction, mo wá ṣọ́ọ̀bù tí ìjọba fún láṣẹ àti ta ọta kàn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọkùnrin ibẹ̀ wo ìwé, ó bi mí pé irú ìbọn wo ni, mo ní ẹlẹ́nu méjì. Ó gbé páálí kan sílẹ̀. Ó parí! Ohun tí ọlọ́gbọ́n mẹ́ta ò lè ṣe láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀, mi ò tíì mu omi tán tí mo fi ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ mọ́tò Ṣakí ní ìdájí.

Ẹkún ni mo bá nílé. Ẹfọ̀n náà ti wọ oko ẹ̀gbọ́n mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n mi dúró, ó wọ̀n ọ́n dáadáa, ó fa ìbọn. Ó dún kẹ̀. Ó fa ìkejì, ó tún dún kẹ̀. Ọta tó ti gba omi ni. Ẹfọ̀n náà dé bá a, ó fi ìwo la itan rẹ̀ láti orúnkún dé ìbàdí kí àwọn èèyàn tó fi ariwo àti iná lé e. Wọ́n ti gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ọsibítù.

Mo kó ọta náà fún àwọn ọdẹ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n wo ara wọn, nítorí obìnrin kò kó o fún wọn rí. Àgbà wọn na ọwọ́, ó gbà á. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí a gbọ́ ìró ìbọn lókè odò, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, tí a sì gbọ́ tí àwọn èèyàn ń hó.

Lẹ́yìn èyí ni ìgbìmọ̀ tó dé. Wọ́n wọ jíìpù Bọ̀dá Amẹ́ríkà wá láti Festac, bàtà ọdẹ tuntun lẹ́sẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fìlà aláwọ̀ ewé lórí wọn. Wọ́n tò yí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n mi ká ní ọsibítù. Wọ́n kí i, wọ́n ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́, Alájì ṣàdúà. Mo ní lọ́kàn mi pé ó kéré tán, wọ́n mọ̀ pé ojú ń tini. Ìgbà náà ni ọkọ mi tẹ orí ba, ó rọra béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, nígbà tó ń bọ̀ wá bá yín, báwo ló ṣe jìnnà sí yín tó, sà?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí. Ó ní, "Bí ẹ ṣe dúró sí mi yẹn."

Ọkọ mi fi ojú wọn àyè tó wà láàárín òun àti bẹ́ẹ̀dì. Alájì pàtẹ́wọ́. "Mo wí! Níbi tó sún mọ́ báyẹn, 9.3 ni!" Bọ̀dá Amẹ́ríkà ní rárá o, .375 ni, ó sì fa kíhódà yọ. Wọ́n ń nà án lórí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé, wọ́n ń jiyàn, títí nọ́ọ̀sì fi lé wọn síta. Ẹ̀gbọ́n mi dijú. Omi ń jáde lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó yè é, ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ yẹn tọ oko mọ́. Orí àga ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé láti ìgbà náà.

Àwọn ọdẹ pín ẹran. Àgbà wọn gbé itan ẹni tó gbé ọta wá, ó gbé e síwájú mi. Ọkọ mi ti na ọwọ́, ó rò pé ti àna ni. Ọkùnrin náà ò wo ibi tó wà.

Mo gbé e wá sí Festac ní yíyan. Lọ́jọ́ Sátidé ìmọ́tótó, lẹ́yìn tí a kó gọ́tà tán, mo sè é. Mo bù ú sínú abọ́, mo gbé e kiri gbogbo ojúlé tó wà ní kílóòsì wa, mo gbé e fún àwọn tó bá mi ki ṣọ́bìrì bọ ẹrẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo abẹ́ igi fúrúùtù. Àwọn mẹ́ta náà wà lórí àga wọn. Mo ń gbọ́ tí ọkọ mi ń sọ fún ẹnìkan tó ń kọjá pé, "Kò rọrùn o, ṣùgbọ́n a pa á." Mo fọ ìkòkò, mo dojú rẹ̀ délẹ̀.

Ọkọ mi wọlé wá, ó wo orí ààrò, ó wo inú fíríìjì.

Ó ní, "Tiwa ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ṣì ń yan ọta."