Nígbà Tí Imú Ládàánì Dí

Bàbá mi ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, lẹ́yìn ibùdókọ̀ Benson, n'Íkòròdú. Ìwó la ti wá, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti di ohùn àdúgbò. Àwọn onígbàgbọ́ tá a jọ ń gbélé pàápàá, ìpè wọn ni wọ́n fi ń jí.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀fìnkìn mú bàbá mi, imú wọn dí pa. Ìpè tí wọ́n pè lọ́sàn-án dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú ìkòkò, àwọn ọmọdé sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí bàbá mi délé, wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Àánú wọn ṣe mí.

Mo sáré lọ ra oògùn oníhóró tí wọ́n ní ó máa ń ṣí imú. Bàbá lò ó, imú ò ṣí. Mo tún ra òmíràn tí páálí rẹ̀ pupa. Ìyẹn náà ò ṣí i. Ṣe ni àyà wọn ń lù kìkì lẹ́yìn tí wọ́n lò ó. Ẹ̀rù bà mí, mo bá mú àwọn àti páálí méjèèjì lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin apòògùn kan nítòsí ibùdókọ̀.

Ó ka ara páálí. "Ẹ̀gbọ́n, oògùn kan náà ló wà nínú méjèèjì, orúkọ ni wọ́n pààrọ̀. Téèyàn bá gbé e mì, inú àti ẹ̀dọ̀ á ti fọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ kó tó dé imú. Èyí tó ṣẹ́kù ò tó nǹkan." Ó kọjú sí bàbá mi. "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ó máa ń ru díẹ̀."

"Ẹ má lò ó mọ́ o, ó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ ru. Omi oníyọ̀ tí wọ́n ń kán símú nìyí. Ẹ máa mu nǹkan lílọ́wọ́ọ́, kẹ́ ẹ sì sinmi. Ọ̀fìnkìn á lọ fúnra rẹ̀."

"Ṣé ìrun á dúró dè mí ni?"

"Kò ní dúró, Bàbá. Ẹ jẹ́ kẹ́lòmíràn bá yín pè é."

Bàbá mi wojú títì. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn wọ́n ju ọ̀fìnkìn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi fa máìkì lé ọ̀dọ́ télọ̀ kan tó máa ń kírun ní mọ́ṣáláṣí wa lọ́wọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n dẹtí sílẹ̀, ètè wọn ń mì. "Ó sáré díẹ̀," ni wọ́n wí fún mi lójú ọ̀nà ilé, "ṣùgbọ́n ohùn wà lọ́fun ọmọ yẹn."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, imú ṣí wẹ́rẹ́. Bàbá mi padà sídìí ìpè Àsùbáà, ṣùgbọ́n wọ́n fi ti Àlàásárì sílẹ̀ fún télọ̀.