Ọmọ Tí Kò Kúnlẹ̀ Kí Mi

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ ará ilé wa kí mi lórí ìdúró. Bariga là ń gbé, nítòsí Pedro, nínú ilé tí gbogbo wa jọ ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, orúnkún méjèèjì ló sì máa ń fi kanlẹ̀ bó bá rí àgbà. Lọ́jọ́ yẹn, ó di ògiri mú, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí."

Ìyá-ìyá rẹ̀, tó ti Ọ̀yọ́ wá bá wọn gbé, gbọ́ láti inú yàrá. "Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé igi ni wọ́n fi gbẹ́ orúnkún ẹ ni?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Bí orúnkún ọ̀tún ṣe kanlẹ̀ ni omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo gbé e dìde, mo fọwọ́ kan ibẹ̀. Ó wú, ó sì gbóná.

Irú ẹ̀ ṣe mí rí ní kékeré. Àwọn òbí mi ní mò ń dàgbà ni. Wọ́n fi róòbù pa á, wọ́n fún mi lóògùn ìrora, ó lọ. Ìgbà tí mo lóyún tí mi ò lè mí dáadáa mọ́ ni dókítà tó sọ pé ibà làkúrègbé ìgbà èwe ti ba ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ọkàn mi jẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Mo yè é, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ò tíì kúrò lára mi.

Síbẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Èèyàn kì í ṣàdédé dárúkọ àrùn ọkàn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọmọ náà tún ń kúnlẹ̀. Ìyá àgbà ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ rí i? Ìbáwí ni oògùn ẹ̀." Àfi bí garawa omi ṣe jábọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti wú.

Ìyá rẹ̀, aránṣọ tí mo fi ọjọ́ orí jù lọ, fárígá. "Irọ́ ni, Àǹtí. Lánàá orúnkún, lónìí ọrùn ọwọ́. Tó bá dọ̀la, á ní etí ni. Kò fẹ́ lọ sílé ìwé ni."

"Ọ̀nà ọ̀fun ò dùn ún láìpẹ́ yìí?" ni mo bi í.

Ó ronú. "Ó dùn ún, á tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Omi iyọ̀ ni mo ní kó fi yọ ẹnu. Ó lọ fúnra ẹ̀."

Mi ò lè dákẹ́ mọ́. "Àbúrò mi, má bínú. Irọ́ kì í mú ọwọ́ wú. Bó ṣe ń ti oríkèé kan bọ́ sí òmíràn lára èmi náà nìyẹn, tí wọ́n padà pè é ní ibà làkúrègbé. Mi ò sọ pé òun ni o. Jọ̀ọ́, jẹ́ ká gbé e lọ sọ́sibítù."

"Làkúrègbé wo ló ń ṣe ọmọdé?" ni Ìyá àgbà wí. "Èmi arúgbó ni mo ni làkúrègbé, kí ẹnikẹ́ni má gbà á lọ́wọ́ mi!"

Ìyá ọmọ ti ń wá oògùn ìrora. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí dókítà rí wíwú náà ná, kí oògùn má bàa mú un wálẹ̀.

Lọ́sibítù, dókítà obìnrin tó gbà wá béèrè ọ̀rọ̀ ọ̀fun yẹn náà; ó ní ọ̀fun dídùn tí wọn ò tọ́jú ló máa ń fa ibà làkúrègbé. Ó tẹ oríkèé ọmọ náà, ó yẹ awọ ara rẹ̀ wò, ó ní kó na ọwọ́ méjèèjì bóyá wọ́n ń ta gìrì. Ó gbọ́ àyà rẹ̀ títí. Ó ní kò sí àyẹ̀wò kan ṣoṣo tó ń fi àrùn yìí hàn. Ńṣe làwọn ń kó àmì jọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ya àwòrán ọkàn. Níta tí mo jókòó sí, mo fọwọ́ lé àpá iṣẹ́ abẹ tó wà láyà mi.

Nígbà tó yá, dókítà pè wá. "Òun náà ni. Ilẹ̀kùn ọkàn kan ti ń jò, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Ó dára bí ẹ ṣe tètè gbé e wá. A ó máa fún un ní abẹ́rẹ́ lóṣooṣù kí ibà náà má bàa padà. Bí kò bá pa á jẹ, ó ṣeé ṣe kó má burú ju báyìí lọ."

Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ mi mú.

Ní báyìí, Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló ń mú un lọ gba abẹ́rẹ́. Bó bá sì rí mi, òun ló ń kọ́kọ́ sọ pé, "Dúró kí wọn, má kúnlẹ̀." Ọmọ náà kì í gbọ́; á kúnlẹ̀ ṣáá. Orúnkún rẹ̀ ni mo máa ń wò kí n tó dáhùn.