Ewé Òkun Tí Mo Sè Bí Kúkà

Láti ìgbà tí a ti sin bàbá wa ni màmá wa kò ti jẹun mọ́. Ife kunu kan láàárọ̀, ó parí nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí pé a ò ní pẹ́ sin òun náà. Àwọn ìyá ìjọ ń wá gbàdúrà fún un nílé wa ní Dogon Dutse, ní Jos, wọ́n á sì bá wa jẹ oúnjẹ tí màmá kọ̀. Orí ẹran ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń gbé létí òkun nílẹ̀ òyìnbó, wá fi ewé òkun gbígbẹ ránṣẹ́. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ ń fi se ọbẹ̀, wọ́n ń bù ú wọ́n ìrẹsì, àwọn àgbẹ̀ wọn tilẹ̀ ń rì í mọ́ ebè. Mo bi í bóyá ajílẹ̀ ló yẹ kéèyàn fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ó ní kí n ṣáà fi omi ṣàn án dáadáa kí n tó lò ó. Èmi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí n wá máa kọ́ ọbẹ̀ sísè lẹ́nu rẹ̀?

Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Jos ni wọ́n bí mi sí. Orí kàlẹ́ńdà ni mo ti mọ òkun. Ewé gbígbẹ tí mo mọ̀ kò ju kúkà lọ, ewé igi osè tí àwọn Hausa fi ń se ọbẹ̀, tí àwa náà ti sọ di tiwa. Bí mo ṣe ń ṣe kúkà ni mo ṣe é: mo gún un, mo jọ̀ ọ́, mo dà á sínú omi ẹran tí mo ti fi iyọ̀ sí, mo sì gbé e síwájú màmá pẹ̀lú tùwó.

Òkèlè kan péré ló fi sẹ́nu, ó sì tu ú sínú àwo.

“Haba, ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ fi iyọ̀ pa mí ni?”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pariwo mọ́ mi látìgbà ìsìnkú. Inú mi dùn débi pé mi ò lè bẹ̀bẹ̀. Ó dìde, ó ró ìró rẹ̀ le, ó wọ ilé ìdáná lọ. Ó fọ ewé tó kù títí iyọ̀ fi jáde lára rẹ̀, ó yan án nínú páànù, ó fi ọwọ́ rún un sórí pòtétò oko Zawan tí mo sè fún ara mi. Orí ìdúró ló ti ń jẹ ẹ́. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i, kó má baà rántí pé òun kì í jẹun.

Ó wá nawọ́ sí ìkòkò ọbẹ̀ mi.

“Bàbá yín ì bá jẹ èyí tán pẹ̀lú iyọ̀ rẹ̀, ì bá tún ní kí o bu sí i.”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ tí a sin ọkọ rẹ̀. Mo fẹ́ gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀ kí n lè dì í mú. Ó gbá ọwọ́ mi dànù, ó sì ń jẹun lọ.