Arlene Lahti Ò Gbọ́ Ìbéèrè Adájọ́

Arlene Lahti kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú ilé rẹ̀ létí adágún, ní Duluth wa níbí. Ọjọ́ tí a sin ín gan-an ni lẹ́tà kóòtù dé: “Arábìnrin Lahti, ẹ kú oríire, ẹ ti jàre.” Wọ́n ní kó pe nọ́ńbà kan lórí fóònù kó lè gba dọ́là mọ́kànlá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n ń retí kó pè? Kí Arlene tó di òkú, adití ni. Dídi tí etí rẹ̀ di náà ló gbé e dé kóòtù.

Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kì í bojú wẹ̀yìn, ohùn ló fi ń mọ̀ wá. Ẹ̀ẹ̀kan náà la máa gbọ́: “Randall! Dá fìlà ọmọ ọlọ́mọ padà, àbí o fẹ́ fẹsẹ̀ rìn délé nínú yìnyín yìí ni?” Randall á dá a padà, ẹnu á sì yà á. Nígbà tí ogbó dé sí etí yẹn, Arlene ta ọkọ̀ ojú omi tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó fi ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Vintrel. Kò wá ju kó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ẹ̀rọ náà súfèé fúngbà díẹ̀, ó sì dákẹ́. Vintrel náà dákẹ́.

Bẹ́ẹ̀ làwọn lọ́yà dé láti Chicago. Wọ́n ní àwọn máa fi orúkọ rẹ̀ pe ẹjọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo ẹni tó ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá irú ẹjọ́ yìí lérè fún mẹ̀kúnnù, ah, ó lérè o! Ẹ bi lọ́yà: mílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là. Ẹ bi Vintrel: kò gbà pé òun jẹ̀bi, ẹnikẹ́ni ò sì lè pè é lẹ́jọ́ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. A jọ pa ẹran kan. Lọ́yà gbé itan, ẹran fúnra rẹ̀ dìde, ó lọ sílé, wọ́n ní káwa wá lá omi ọbẹ̀. Omi ọbẹ̀ ọ̀hún, orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń bù ú. Ẹ̀yin adití, ẹ pè wá o!

Nígbà tí Arlene ka àdéhùn táwọn lọ́yà bá Vintrel ṣe láti parí ẹjọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Wọ́n ní kí n fi fóònù pe àwọn! Ṣé orí wọn pé ṣá?”

Verna, àbúrò rẹ̀, kígbe sí i létí: “Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn ní kóòtù, ẹ̀gbọ́n mi!”

“Kí lo tún ń dúró ṣe? Wọ bàtà ẹ!”

Adájọ́ gbọ́dọ̀ bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni lòdì kó tó buwọ́ lu irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Verna já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ wá ibi tó máa gbé ọkọ̀ sí nínú yìnyín. Arlene lọ jókòó síwájú, ó tẹjú mọ́ adájọ́, ó ń retí kí wọ́n juwọ́ sí òun. Adájọ́ doríkodò sórí ìwé rẹ̀.

“Ṣé ẹnikẹ́ni lòdì?”

Ẹni tó jókòó sẹ́yìn sọ fún mi pé ṣe ni Arlene ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Àwọn lọ́yà rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé etí rẹ̀ ti di, òun ṣáà ni wọ́n fi ń jẹun. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án léjìká nínú wọn.

“Kò sí,” ni adájọ́ wí, ó sì buwọ́ lù ú.

Verna wọlé nígbà tí wọ́n ń dìde. Arlene bi í pé, “Ṣé ó ti kàn wá?” Verna sọ fún mi pé òun ò mọ bí òun ṣe máa pariwo èsì yẹn níbẹ̀.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó gbọ́ ìbéèrè ńkọ́? Inú ń bí mi. Kí lọ́yà kankan má fọwọ́ kan kọ́bọ̀ títí gbogbo ẹni tó ra ẹ̀rọ náà á fi gba tiwọn. Kí Vintrel fi owó ránṣẹ́ sí wa nílé. Ó kúkú mọlé wa nígbà tó ń polówó. Kí adájọ́ sì tún ìbéèrè rẹ̀ bi wá. Èmi àti Verna ń bọ̀, a ó tètè dé. Kó gbórí sókè lọ́tẹ̀ yìí, kó wo ìjókòó iwájú kó tó sọ pé kò sí.