Aṣọ Inú Àpótí Ìyá Àgbà

"Ṣé o rí ọ̀nà?"

"Mi ò tíì rí i, Ìyá àgbà."

"Má fi agídí fà á, vi. Bó bá já, a ó tún bẹ̀rẹ̀ ni."

Vi ni àwọn Ègùn ń pe ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ìyá bàbá mi sì ń pè mí títí ó fi kú. A jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà ilé wa létí ọ̀sà, níbi tí kò jìnnà sí Ajídò, aṣọ funfun kan sì wà nílẹ̀ láàárín wa. Mo fi èékánná mú fọ́nrán òwú kan ṣoṣo ní etí aṣọ náà, mo ń fà á díẹ̀díẹ̀. Aṣọ ń sún kì níwájú ọwọ́ mi, Ìyá àgbà sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ padà. Èéfín ẹja tí ìyá mi ń yan lẹ́yìn ilé ń ta wá lójú. Nígbà tí fọ́nrán náà jáde tán, ó fi ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ láti etí aṣọ kan dé ìkejì.

"Mo rí i báyìí."

Ó gbé àlùmágàjí lé mi lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó lè rí ọkọ̀ lókèèrè lórí omi, ṣùgbọ́n kò lè rí òwú mọ́.

"Gba ọ̀nà náà lọ. Má yà."

Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ló fi ń wọn aṣọ, ó ti ṣẹ́ ẹ sí bó ṣe fẹ́ kí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó. Bí mo bá gé ọ̀kan tán, á ká a láti igun dé igun, á fi ìka tọ etí rẹ̀ yíká láti mọ̀ bóyá ẹnu rẹ̀ kò. Bí etí kan bá fi díẹ̀ gùn ju ìkejì lọ, á jù ú sí mi lẹ́sẹ̀. Kò ní pariwo o. Jíjù yẹn gan-an ló máa ń dùn mí. Inú máa ń bí mi sí i, kí ni mo fẹ́ purọ́ fún? Ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ní kó jókòó máa fa òwú!

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí à ń gé. Ìgbòkun bàbá mi, aṣọ tí atẹ́gùn fi ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ló ya láàárín ọ̀sà nígbà tí ìjì dé, tó ya láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọkọ̀ sì dojú dé. Ìdí ọkọ̀ ni bàbá mi rọ̀ mọ́ títí àwọn apẹja Ajídò fi rí i. A ti ń sunkún rẹ̀ nílé. Láti ọjọ́ náà, apá lásán ló fi ń tukọ̀, bí ìjì bá sì tún ká a mọ́ ojú omi, kò ní lè sá fún un. Ogun àwọn òyìnbó ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, aṣọ sì wọ́n bí ojú ní Àgbádárìgì. Ìwọ̀nba tó bá dé, ẹni tó mọ ẹni ló ń rí i rà.

Ni Ìyá àgbà bá ṣí àpótí rẹ̀. Aṣọ tẹ́rú funfun tó fi pamọ́ de ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ ló gbé jáde pé ká fi ṣe ìgbòkun, ewé ẹfinrin gbígbẹ ń já bọ́ láti inú rẹ̀. Kò sí ìyá arúgbó kan ládùúgbò wa tí kò ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀ nínú àpótí, kí wọ́n má bàa máa tọrọ aṣọ kiri nítorí òkú rẹ̀. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé kí n wá fi aṣọ òkú wọ omi ni?"

"Òkú dà? Èmi tí mo ni aṣọ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí."

"Bọ́jọ́ bá wá pé ńkọ́? Kí la fẹ́ fi wé yín?"

"Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ mi, ẹjọ́ tìrẹ ni. Kí o ṣáà ti wà láyé láti wé mi."

Bàbá mi dìde, ó gba aṣọ náà.

Èmi ni mo béèrè ìdí tí a fi ń gé odindi aṣọ tó dára wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ká tó tún máa rán an pọ̀.

"Odindi aṣọ, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ó ya dópin nìyẹn. Èyí tí a rán pọ̀, bí atẹ́gùn bá ya ọ̀kan, yíya náà á dé ojú rírán, á dúró. Ṣùgbọ́n bí igun rẹ̀ bá wọ́, atẹ́gùn á gbé ọkọ̀ lọ síbi tí bàbá rẹ kò fẹ́ lọ. O gbọ́?"

Mo gbọ́. N kò tún bínú mọ́ bó bá ju aṣọ sí mi lẹ́sẹ̀.

Òun àti ìyá mi ló rán an. Bàbá mi wá sè é pẹ̀lú èèpo igi ẹ̀gbà tó ń hù létí omi, kí iyọ̀ má bàa tètè jẹ ẹ́, aṣọ funfun náà sì di pupa rúsúrúsú. Láti ìgbà náà, Ìyá àgbà á jókòó lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, á kọjú sí ọ̀sà. Òun ló máa ń kọ́kọ́ sọ pé, "Ó ń bọ̀," kí ẹnikẹ́ni tó rí nǹkan kan. Nígbà kan, ìjì ya ẹyọ kan láàárín ìgbòkun náà. Bàbá mi fi èyí tó kù wọ́ ọkọ̀ délé. Ìyá àgbà fi ìka tọ ibi tó ya títí ó fi kan ojú rírán, ó sì rẹ́rìn-ín. Nítorí pé kò sí aṣọ, àpò ìyẹ̀fun ni wọ́n gé dí i.

Ìgbà ọyẹ́ ni Ìyá àgbà kú. Aṣọ kò tíì pọ̀ lọ́jà. Àwọn ará ilé mú èyí tí wọ́n ní wá, bàbá mi dúpẹ́, kò gbà á. Ó gba etí omi lọ, ó tú ìgbòkun rẹ̀ lórí òpó, ó sì gbé e wọlé léjìká. Ìyá mi fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́, àwọ̀ pupa rẹ̀ kò lọ. Ẹ̀gbọ́n ẹbí kan sọ pé funfun ló yẹ arúgbó.

"Aṣọ tí ìyá mi rà fún ara rẹ̀ rèé," bàbá mi wí. "Àpò ìyẹ̀fun yẹn nìkan ni kò gbọdọ̀ kan ara rẹ̀."

Ìyá mi bá mú ẹ̀wù funfun mi tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wá, ó gbé e fún mi kí n gé ẹyọ kan rọ́pò àpò ìyẹ̀fun náà. Mo jókòó sórí ẹní, mo fi èékánná mú fọ́nrán kan, mo ń fà á. Kò já. Nígbà tí ọ̀nà yọ, kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo rí i.

"Mo rí i, Ìyá àgbà," ni mo wí sókè.

Bàbá mi, tí omijé kan kò tíì bọ́ lójú rẹ̀ láti àárọ̀, kọjú sí ògiri, ó sì sunkún bí ọmọdé.

A fi ìgbòkun náà wé e. Apá lásán ni bàbá mi padà fi ń tukọ̀ títí aṣọ fi wá sọ́jà, n kò gbọ́ kó ráhùn lẹ́ẹ̀kan.

Mo ti dàgbà, mo ti darúgbó. Mo rí àwọn aránṣọ tó ń fi eyín ya aṣọ. Ọwọ́ wọn yá, mi ò bá wọn jà. Mo ti sin ọkọ, mo ti sin àbúrò, ó sì dùn mí débi tí mo fi rò pé èmi náà á ya dópin. Mi ò ya dópin. Yíya náà máa ń dé ibì kan, á dúró, mo sì mọ ẹni tó rán mi pọ̀ níbẹ̀. Bí mo bá ń gé aṣọ fún àwọn ọmọ ọmọ mi, mo ṣì máa ń fa fọ́nrán kan kí n tó fọwọ́ kan àlùmágàjí. Bí ọ̀nà bá sì ti yọ, mo máa ń dá Ìyá àgbà lóhùn.