Okùn Tí Kò Dé Sharjah

Bí o bá dé Booni, ìlú wa láàárín òkè, tí o béèrè Sher Wazir, wọn yóò bi ọ́ pé, "Èwo nínú wọn? Ṣé Sher Wazir Kó-Kéré ni?" Òun náà ni. Iṣẹ́ orin ló ń ṣe. Láyé kásẹ́ẹ̀tì, ó ń da orin kọ kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí fóònù dé, ó ń da á sínú káàdì mẹ́mórì fún àwọn awakọ̀, àwọn darandaran àti àwọn ìyàwó tí ọkọ wọn wà lókè òkun. Ohun tó sọ ọ́ lórúkọ ni pé kò sí orin tí kì í fún pọ̀. Á fún un bí ẹni ń fún aṣọ tútù, títí yóò fi kéré tó ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àfonífojì wa lè gbé. "Kó kéré, kó tètè dé," ohun tó máa ń wí nìyẹn. "Orin tí kò dé, kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe?"

Kì í ṣe òpè. Ó mọ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta lèèyàn lè gbà di ẹrù orin. Ọ̀kan wà tí kì í sọ ohunkóhun nù, ṣùgbọ́n tó wúwo bí òkúta. MP3 wà láàárín, tó máa ń yọ ohun tí wọ́n ní etí èèyàn kò ní béèrè fún. Ìkẹta ni ti ọ̀rọ̀ ẹnu, èyí tí wọ́n ṣe fún ìpè fóònù. Ohùn èèyàn nìkan ló mọ̀. Ohun yòówù tó bá ń kùn láìdákẹ́, afẹ́fẹ́ tàbí ẹ́ńjìnnì ló máa pè é, á sì gbá a dànù. Gbogbo èyí ni Sher Wazir mọ̀. Ṣùgbọ́n ká mọ nǹkan lọ́tọ̀, ká rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ lọ́tọ̀.

Amir Tawakal, tí a ń pè ní Ustad, ìyẹn ọ̀gá olórin, ni àgbà onísítà ìlú wa. Okùn márùn-ún ló wà lára sítà rẹ̀, èyí tó nípọn jù kì í sì í kọrin. Ó kàn ń kùn lábẹ́ àwọn yòókù ni. Láti kékeré ni Khush Wali, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ti máa ń jókòó ti orúnkún bàbá rẹ̀, tí yóò máa ta okùn yẹn bí bàbá ti ń ta ìyókù. Okùn Khush Wali ni gbogbo ilé ń pè é. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, ó gbé sítà tí bàbá-bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó tà á fún àlejò kan, ó sì bá owó náà lọ sí Sharjah lókè òkun. Ustad kò ṣépè. Ó wá sítà mìíràn, ó ki àkísà bọ abẹ́ okùn tó nípọn náà, ó ní, "Ọjọ́ tí mo bá forí jì í, okùn yìí á kùn." Ọ̀rọ̀ náà dé Sharjah, nítorí kò sí ibi tí òfófó Booni kì í dé.

Ọdún ń gorí ọdún, àkísà wà níbẹ̀. Ní ìgbà tí igi ápríkọ́ọ̀tì ń tanná, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í há mọ́ Ustad. Gul Andam, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀, ránṣẹ́ pe Sher Wazir pé kó gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀ wá.

Bàbá ti fẹ̀yìn ti ògiri nígbà tí Sher Wazir dé, tíì oníyọ̀ rẹ̀ ti tutù sínú ife. Ó na ọwọ́, ó fa àkísà náà yọ, ó jù ú sínú iná. Ẹkún gbọn Gul Andam.

"Bàbá, ẹ kúkú fi ẹnu sọ ọ́. Ẹ ní, 'Khush Wali, mo ti forí jì ọ́, máa bọ̀ nílé.' Kí ló le níbẹ̀?"

"Okùn ni mo fi kọ̀ ọ́," ni bàbá wí. "Okùn ni n ó fi pè é. Ìwọ Kó-Kéré, ṣé ẹ̀rọ rẹ ti lajú?"

"Ó ti lajú, Ustad. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ má fi ikọ́ ṣe ìlù o. A ò bẹ àwọn tó ń lu jẹ́ríkàn bí ìlù lónìí."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sì kọrin. Okùn náà kùn débi pé ife tíì ń gbọ̀n nílẹ̀.

Òkè ti ya lulẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá di ohun à ń bẹ̀. Sher Wazir fi èyí tó wúwo ránṣẹ́, kò tilẹ̀ mì. Ó sọ ọ́ di MP3, orin náà dúró sójú ọ̀nà. Ó tún un ṣe, ó tún dúró. Gul Andam ò jẹ́ kó sinmi: "Bùọ̀dá, ṣé ó ti lọ? Bàbá ò jẹun lánàá o." Ẹ̀rù bà á. Ó fún orin náà sínú ọ̀nà kẹta, ti ọ̀rọ̀ ẹnu. Kó tó fi ránṣẹ́, ó gbé fóònù sétí, ó gbọ́ ọ, ó sì búra fún ara rẹ̀ pé okùn náà ń kùn dáadáa. Ẹnu fóònù kéré jù láti sọ ohùn tó rinlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Etí tó ti gbọ́ ọ nínú yàrá ló ń bá a kùn. Ó fi ránṣẹ́, ó sì lọ. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà ti wí i tipẹ́, ta ló ń gbọ́?

Lọ́jọ́ kejì, ohùn Khush Wali dé láti Sharjah. Kò gùn. "Ẹ sọ fún Bàbá pé mo ti gbọ́. Mo tẹ́tí títí dé ìparí. Ó ti yé mi."

Inú Ustad dùn, ó ní kí wọ́n tún gbé e sí i, kí wọ́n tún gbé e sí i. "Ṣé ẹ gbọ́? Ó ní ó yé òun. Gul Andam, bá a sá aṣọ ìbora rẹ̀." Gul Andam sá a sórí ògiri. Mọ́tò yòówù tó bá ti ìsàlẹ̀ wá, bàbá á gbórí sókè. Ó ní ọ̀nà ni kò dáa, pé ọmọ òun ń bọ̀. Ibẹ̀ ló wà tí èémí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Khush Wali kò wá. Nígbà tí wọ́n pè é, gbólóhùn kan ló sọ: "Ẹ sin ín." Gbogbo Booni bú u. Sher Wazir gan-an bú u níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fi ìdáríjì ránṣẹ́ sí i! Ọmọ burúkú!"

Ẹnikẹ́ni kì í kọrin nítòsí ilé ọ̀fọ̀. Nígbà tí ọ̀fọ̀ parí, Gul Andam wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ n gbọ́ èyí tí ẹ fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ mọ ohun tí àbúrò mi gbọ́ tó fi lè kọ̀ wá."

Sher Wazir so fóònù mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá tó fi ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ohùn bàbá jáde, ó gbẹ, ó dá wà. Àwọn okùn tínrín ń sáré lókè. Lábẹ́ wọn, kò sí nǹkan kan.

"Ẹ gbé ohùn ẹ̀ sókè."

Ó gbé e sókè.

"Bùọ̀dá, okùn dà?"

Sher Wazir wá rántí: ti ọ̀rọ̀ ẹnu ti pe okùn náà ní afẹ́fẹ́, ó ti gbá a dànù. Ọmọ náà tẹ́tí títí dé ìparí lóòótọ́, ó ń wá okùn rẹ̀, kò rí i. Ohun tó yé e ni pé bàbá òun kò forí ji òun, pé ó tilẹ̀ fi orin sọ ọ́ fún òun kó tó kú. Ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n èyí kọjá ẹ̀sín. Bí bàbá bá ti fi ẹnu sọ ọ́ ni, ọ̀nà tó yàn yẹn ì bá gbé e dé láìku ọ̀rọ̀ kan.

Ó wá èyí tó wúwo jáde, èyí tí kò sọ nǹkan kan nù, ó fi ránṣẹ́. Wọ́n ti tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe. Kí omi tíì tó hó, ó ti lọ. Bó ṣe lọ wẹ́rẹ́ yẹn dun Sher Wazir dé egungun.

Wọn ò tíì mu tíì náà tán tí fóònù Gul Andam fi dún.

"Àǹtí, okùn mi wà nínú eléyìí." Khush Wali ni. "Ta ló gé e kúrò nínú ti àkọ́kọ́?"

Gul Andam wo Sher Wazir, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ó la ẹnu láti sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Sher Wazir gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni, Khush Wali. Mo fẹ́ kó tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ ni."

Fèrè mọ́tò Sharjah ń dún lẹ́yìn Khush Wali.

"Ṣé Bàbá mọ̀ pé n kò gbọ́ ọ?"

"Kò mọ̀. Ojú ọ̀nà ló ń wò títí tó fi lọ. Ó ní ò ń bọ̀."

"Ó dáa." Ó fa imú. "Bùọ̀dá, tẹ́ ẹ bá dé ibojì Bàbá, ẹ má sọ fún un o."