Ìyá Àgbà Lẹ́yìn Mọ́tò

Ọlọ́pàá kan nílùú òyìnbó fi ìka kan gíláàsì mọ́tò mi: kọ́, kọ́, kọ́. Ó ní eré mi ti pọ̀ jù. Ìró yẹn ló gbé mi padà sí ọ̀sán kan lójú ọ̀nà Òṣogbo sí Iléṣà.

Bàbá mi ń sá eré àsápajúdé. Ìyá Àgbà jókòó sáàárín èmi àti màámi lẹ́yìn mọ́tò. Wọ́n fi gèlè di àgbọ̀n wọn, orí wọn sì ń gbá mi léjìká. Òórùn kánfọ̀, bí ti inú àpótí aṣọ, ń ti ara wọn jáde. Oòrùn ń ta wá, síbẹ̀ ọwọ́ wọn tutù bí omi àmù.

"Má jí wọn o," ni màámi wí. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé afárá, màámi á tún bá wọn sọ̀rọ̀: "Ìyá, a fẹ́ sọdá odò o. Ẹ máa bá wa kálọ."

Ọlọ́pàá kan dá wa dúró, ó kan gíláàsì. "Ọ̀gá, kí ló ń lé yín?"

Bàbá mi yí gíláàsì wálẹ̀. Ọlọ́pàá yọjú wo ẹ̀yìn. "Màmá, ẹ kú ìrìn o." Ó kí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, ó ṣí fìlà. "Ẹ máa lọ, sà."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òkú là ń gbé lọ sílé.

Ọlọ́pàá òyìnbó já ìwé ìtanràn fún mi, mo sì rọra ń lọ. Bí mo ṣe dé afárá kan, mo gbọ́ tí ẹnu ara mi ní, "Ìyá, a fẹ́ sọdá odò o." Òórùn kánfọ̀ gba gbogbo inú mọ́tò. N ò jẹ́ bojú wẹ̀yìn.